Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Júù Tí Kì í Ṣe Òyìnbó Joyè Nínú Sínágọ́gù, Tí Kò Ní Sá Lọ Lọ́dún Kejì

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ìgbìmọ̀ sínágọ́gù á jókòó, wọ́n á ní ó yẹ kí ojú tó wà níwájú ìjọ jọ ojú tó wà nínú ìjọ. Wọ́n á wá obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, wọ́n á fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ kékeré kan tí kò lówó lọ́wọ́, tí kò sì ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Fọ́tò rẹ̀ á jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọ. Lọ́dún kìíní, á sọ̀rọ̀ lórí pèpéle lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́dún kejì, kò ní san owó ọmọ ìjọ mọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin níbi tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà. Nínú ọ̀kan, èmi gan-an ni wọ́n ya fọ́tò.

Ẹni tó wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí fún: alága, akọ̀wé, akápò, tàbí Yorùbá bíi tèmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó wá bá wọn ṣe nǹkan. A ò pọ̀ nínú sínágọ́gù, àmọ́ a wà níbẹ̀, àwọn míì sì wà tí ọmọ wọn fẹ́ Júù, tí ọmọ-ọmọ wọn ń lọ kọ́ èdè Hébérù ní ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí bí mo ṣe di Júù, kó ní sùúrù títí a ó fi dé ìpele kẹta.

Tí mo bá sọ pé Júù tí kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni mò ń bá wí. Àwọn Beta Israel láti Ethiopia wà ńbẹ̀, àti Bene Israel láti Íńdíà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù tí bàbá rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ láti Ṣáínà tàbí Guatemala, àti àwọn ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ní ìjọ tiwọn, bíi Beth Shalom B'nai Zaken ní Chicago, tí Rábì Capers Funnye ti jẹ́ olórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan gba ẹ̀sìn náà nígbà tí wọ́n dàgbà. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n bí sínú ẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé òfin ìjọ, èyí tó péye, kì í ṣe èyí tí alága mọ̀ lórí.
- Àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù 12 tó kọjá.
- Ètò ìsúná ọdún yìí, kí ìlà kan sì wà nínú ẹ̀ tí owó rẹ̀ lè kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.
- Ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, tí wọn kò ní padà lẹ́yìn yín bí ọ̀rọ̀ bá gbóná.
- Rábì tó ti fẹnu ara rẹ̀ gbà nínú ìpàdé, tí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀.
- Ọdún méjì. Ẹni tó bá ní oṣù mẹ́ta ló ní, kó lọ tún ọgbà ṣe.

Ẹ ò nílò pátákó tuntun lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò sì nílò olùkọ́ ọlọ́jọ́ kan tó máa gba owó, tó máa pín bébà, tó máa lọ. Mi ò ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń parí sí.

Ìpele 1: Ẹ kọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ sílẹ̀

Ẹ mú bébà ńlá kan. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ ìjọ sí apá òsì: ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó lè buwọ́ lu sọ̀wédowó, ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí wọ́n pè wá síbi Tórà (ìwé òfin Mósè), ẹni tó darí ìpàdé, ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó fọ abọ́. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣe é ní oṣù 12 tó kọjá. Ẹ má kọ ẹni tó yẹ kó ṣe é. Ẹni tó ṣe é gan-an lẹ fẹ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é ní ìjọ tèmi, orúkọ àwa tí a kì í ṣe òyìnbó wà níwájú "ẹni tó sọ̀rọ̀" ní oṣù kìíní, lọ́sẹ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń rántí Martin Luther King. Ó tún wà níwájú "oúnjẹ". Níwájú "kọ́kọ́rọ́" àti "sọ̀wédowó", òfo ni. Bébà kan péré, ó sì sọ ohun tí ìpàdé ọdún mẹ́rin ò lè sọ.

*Ibi tí wọ́n ti ń kùnà:* wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka awọ ara. Àwọn àgbà ti jà lórí iye yìí rí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 ní ó kéré tán, ìdá 12 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn Júù Amẹ́ríkà kì í ṣe òyìnbó. Ní 2020, àwọn onímọ̀ méjì kan kọ ọ́ jáde pé kò tó bẹ́ẹ̀, ariwo sì sọ. Ìwádìí tí àjọ olùwádìí Pew ṣe ní 2020 rí ìdá 8, àmọ́ láàárín àwọn tí kò tíì pé 30 ọdún, ó di ìdá 15. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé, iye ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí àwọn òbí ọ̀la ni. Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń jẹun nídìí ìṣirò. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yín lónìí, kò sí ìdá kankan nínú ọgọ́rùn-ún tó máa bá a ṣílẹ̀kùn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi bébà náà han ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tí kò bá yín kọ ọ́. Bó bá ní, "Ṣùgbọ́n lágbájá ń ṣe gudugudu méje nínú ìjọ yìí," ẹ ní kó fi ìka tọ́ ìlà tí orúkọ lágbájá wà. Bí ìka rẹ̀ bá ń rìn kiri, ẹ ti ṣe ìpele yìí dáadáa.

Ìpele 2: Ẹnu ọ̀nà

Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2018, tí ọkùnrin kan yìnbọn pa èèyàn 11 nínú sínágọ́gù ní Pittsburgh, sínágọ́gù tí kò ní ẹ̀ṣọ́ ti ṣọ̀wọ́n. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀ṣọ́. Èmi náà fẹ́ padà sílé láàyè. Ohun tó ń lé èèyàn ni pé ẹlòmíì ń gba "Shabbat shalom," ìkíni ọjọ́ Sábáàtì, ẹlòmíì ń gba "Kí lẹ wá ṣe?"

Ní alẹ́ Rosh Hashanah kan, ìyẹn ọdún tuntun àwọn Júù, mo gbé àkàrà òyìnbó olóyin dání nínú tíréè tí mo fi bébà bò. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní ibẹ̀ ni àwọn olóúnjẹ ń gbà wọlé. Ọdún kẹfà tí mo ti ń san owó ọmọ ìjọ níbẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi, àlejò ni, kò dé ibẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín sí i, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àwọn ọmọ tó ń to abọ́ níbẹ̀ kí mi káàbọ̀, wọ́n bá mi gba tíréè, ara mi sì balẹ̀ ju bó ṣe máa rí níwájú lọ. Ìyẹn gan-an ló wá ń dùn mí nígbà tí mo délé.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

Ẹ kọ ìbéèrè tí ẹ̀ṣọ́ lè bi èèyàn sínú ìwé kan, kó má ju mẹ́ta lọ, kó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tí ẹ̀ṣọ́ kò bá mọ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ̀ṣọ́ ń dúró sí. Bí ẹ bá ń wo inú báàgì, ẹ wo ti gbogbo ènìyàn, tàbí ti ẹni kẹta-kẹta, láìwo ojú.

Ẹ fi ọmọ ìjọ kan ti ẹ̀ṣọ́ láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ìsìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kí ènìyàn kí ẹ̀ṣọ́ tó la ẹnu. Yorùbá mọ èyí: ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ jókòó, kí á tó bi àlejò níbi tó ń lọ.

Ẹ bá gbogbo ẹ̀ṣọ́ tuntun sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé gan-an. Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ máa ń pààrọ̀ èèyàn, ẹni tí ẹ kọ́ ní oṣù kẹta lè má sí mọ́ ní oṣù karùn-ún. Ẹ sọ fún un ní gbangba pé Júù inú ilé yìí lè jọ ará Seoul, ará Addis Ababa tàbí ará Ìjẹ̀bú.

*Ẹ ṣọ́ra:* ẹ má lọ fi ọmọ ìjọ aláwọ̀ dúdú ṣe ẹni ẹnu ọ̀nà ayérayé kí ayé lè rí i. Wọ́n ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi kan. Láàárín oṣù kan, èèyàn mẹ́ta ti na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí i pé kó bá àwọn páàkì.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹnì kan jókòó sínú mọ́tò ní òdìkejì títì ní ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta, kó máa fa ìlà sínú ìwé: ta ni wọ́n dá dúró, ta ni wọ́n ní kó ṣí báàgì. Bí òyìnbó mẹ́wàá bá kọjá láìṣí nǹkankan, tí méjì nínú àwọn mẹ́ta ìyókù sì ṣí báàgì, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpele yìí.

Ìpele 3: Ìdí tábìlì Kídúṣì

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á gbàdúrà sórí wáìnì, òun ni wọ́n ń pè ní Kídúṣì, àwọn èèyàn á mú búrẹ́dì àti ẹja, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Ibí yìí ni ìjọ ti ń pàdánù ènìyàn jù lọ, kò sì sí ẹni tó ń pariwo níbẹ̀. Ìyá àgbà kan á sún mọ́ ẹ, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Báwo lo ṣe jẹ́ Júù?" Èyí tó tẹ̀ lé e á ní, "Ìgbà wo lo yí padà?" Ẹlòmíì ò ní béèrè rárá, á kàn ní kí o bá òun kó abọ́ lọ.

Ó pẹ́ kí èmi tó mọ̀ pé ìwọ̀sí ni. Nílé wa, bí àgbà bá bi ọ́ pé "Ọmọ ilé ta ni ọ́?", ó fẹ́ mọ oríkì tó máa kì ọ́ ni. Á wá ọ̀nà títí tí yóò fi rí i pé ìyá rẹ àti ìyá òun jọ ra ẹja lọ́wọ́ ẹnì kan náà rí. Ìbéèrè tó ń wá ìbátan ni. Ti ìdí Kídúṣì yàtọ̀. Òyìnbó tó dúró tì mí, tó ń jẹ ẹja kan náà, kò sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun, a sì jọ dé lọ́sẹ̀ kan náà ni. Bí wọ́n bá ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú méjì, wọ́n ti ṣe ìdájọ́ kí ó tó dáhùn. Ìyá mi náà bi mí lórí fóònù láti Ìjẹ̀bú-Òde pé, "Ṣé Júù dúdú tún wà ni?" Ti ìyá mi kò dùn mí. Ó ń béèrè kí ó lè mọ bó ṣe máa ṣàlàyé mi fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ni.

Òfin àwọn Júù fúnra wọn dá ẹjọ́ yìí látọjọ́ pípẹ́. Míṣínà, ìwé òfin àwọn rábì àtijọ́, kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ ẹni tó gba ẹ̀sìn pé kó rántí ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ èyí tó le jù bẹ́ẹ̀, kó ṣí ìwé Nọ́ḿbà orí 12 nínú Bíbélì, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí awọ Míríámù nígbà tó sọ̀rọ̀ lòdì sí ìyàwó Mósè, ará Kúṣì.

Kí rábì sọ ọ́ lórí pèpéle, lọ́jọ́ lásán, kí wọ́n tó lọ sídìí Kídúṣì. Ìṣẹ́jú méjì tó. Ẹ má dúró de ọjọ́ pàtàkì kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹni mẹ́rin tí á máa wà nídìí tábìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ́ wọn ní nǹkan kan ṣoṣo: bí wọ́n bá gbọ́ ìbéèrè yẹn, àwọn ni kí wọ́n dáhùn, kì í ṣe ẹni tí wọ́n bi. "Háà, a kì í béèrè ìyẹn níbí. Ẹ ti tọ́ ẹja yìí wò?" Ó tó. Kò gba ìwàásù.

*Ibi tí wọ́n ti ń kùnà:* ìgbìmọ̀ á ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wá ṣàlàyé fún ìjọ bó ṣe dùn ún tó. Ní 2021, nínú ìwádìí tí àjọ Jews of Color Initiative gbé jáde, èèyàn 1,118 tó fínnúfíndọ̀ dáhùn, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní àwọn ti rí ìyàsọ́tọ̀ láàárín àwọn Júù ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Ẹ má ní kí ẹnì kan tún wá sunkún níwájú yín kí ẹ tó gbà.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ bi àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ìkọ̀kọ̀: "Ìgbà wo ni wọ́n bi ẹ́ kẹ́yìn?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ "lọ́sẹ̀ tó kọjá", ẹ bèèrè pé ta ló dá sí i. Bí ẹnì kan bá dá sí i, ẹ ń lọ. Bí kò bá sí, àwọn mẹ́rin yín ń jẹ ẹja ni.

Ìpele 4: Orúkọ lórí bímà

Èyí kúrú, àmọ́ ó máa ń gún. Bí wọ́n bá pe èèyàn síbi Tórà lórí bímà, ìyẹn pèpéle, orúkọ Hébérù rẹ̀ àti ti òbí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ẹni tó gba ẹ̀sìn, "ọmọ Ábúráhámù Bàbá Wa" ni wọ́n máa ń fi kún tirẹ̀. Nítorí náà, bí gábáì, ìyẹn ẹni tó ń pe orúkọ, bá ké orúkọ yẹn sókè láìbèèrè, ó ti sọ ìtàn ẹni ẹlẹ́ni fún igba èèyàn. Bó bá tún wá rò pé gbogbo aláwọ̀ dúdú ló gba ẹ̀sìn, tó wá pe ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ rábì ní "ọmọ Ábúráhámù Bàbá Wa", ẹ mọ̀ pé ilé ti dàrú.

Kí gábáì ní káàdì fún gbogbo ọmọ ìjọ, òyìnbó àti ẹni tí kì í ṣe òyìnbó, tí olúkúlùkù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n pe òun sí. Kó kọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ míì náà sí i, torí mo ti gbọ́ tí wọ́n pe Olúwafúnmiláyọ̀ bíi ẹni tí ìlẹ̀kùn há lọ́wọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ka káàdì, ẹ ka ọmọ ìjọ. Kí iye wọn bára mu.

Ìpele 5: Ipò tó ní owó àti kọ́kọ́rọ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Àwọn ìpele tó ṣáájú, kí èèyàn lè fara dà á títí dé ibí ni wọ́n wà fún.

*Ẹ má dá ipò tuntun sílẹ̀.* Ìgbìmọ̀ kékeré tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ torí awọ ara, òun náà ni ẹ máa kọ́kọ́ pa rẹ́ tówó bá tán. Ẹ lọ wo àwọn ipò tó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọ̀rọ̀ yìí: akápò, alága ìgbìmọ̀ ilé, ìgbìmọ̀ tó ń wá rábì, ìgbìmọ̀ tó ń dárúkọ àwọn tó máa du ipò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn lágbára ju ti alága lọ, torí ẹni tó bá ń ṣe àkójọ orúkọ ló ti dìbò kí ìjọ tó dìbò.

*Ẹ mú ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà.* Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo lórí tábìlì ẹni 15 á di agbẹnusọ fún gbogbo aláwọ̀ dúdú ayé. Tí ọlọ́pàá bá pa ẹnì kan ní ìlú tí kò dé rí, òun ni wọ́n máa kọjú sí. Tí ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì bá gbóná, wọ́n á ní kó lọ bá "àwọn èèyàn rẹ" sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pé méjì, wọ́n á lè ta ko ara wọn níṣojú gbogbo ayé, ìjọ á sì rí i pé èrò wọn kì í ṣe ọ̀kan.

*Ẹ tú ìwé òfin wò fún ẹnu ọ̀nà tó pamọ́.* Àwọn ìgbìmọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi iye kan tọrẹ lọ́dún tàbí kó wá a láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Àwọn kan ní dandan, kó ti jẹ́ ọmọ ìjọ fún ọdún márùn-ún. Òmíì, kò sí nínú ìwé, àmọ́ aago méje alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń wọ iṣẹ́ alẹ́. Ẹ mọ iye nínú wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ yí ohun tó bá ṣeé yí, kí ìgbìmọ̀ dìbò lé e, kó wọ inú àkọsílẹ̀.

*Ẹ jẹ́ kó jókòó ti ẹni tó ń kúrò fún oṣù mẹ́fà.* Láàárín ìgbà yẹn, kó gba nǹkan mẹ́rin sọ́wọ́: kọ́kọ́rọ́, páásíwọ̀dù, àṣẹ ìbuwọ́lùwé ní báǹkì, àti nọ́ńbà àwọn tí wọ́n ń pè bí páìpù bá fọ́. Ẹni tó ní òun ti fa ipò lé ọ lọ́wọ́, tó sì di páásíwọ̀dù mọ́ àyà, kò tíì fa nǹkankan. Rábì Angela Buchdahl, tí wọ́n bí ní Seoul ní 1972, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Kòríà, dé Central Synagogue ní New York ní 2006 gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn akọrin ìsìn. Nígbà tó fi di rábì àgbà ibẹ̀ ní 2014, ó ti lo ọdún mẹ́jọ lórí bímà yẹn, kò sí àga tí kò mọ ibi tó ti ń dún.

*Ẹ kọ iye tó lè ná láìbèèrè.* Ẹ kọ ọ́ ní dọ́là. Bí akápò tó ṣáájú rẹ̀ bá lè ná 1,500 láìpe ìpàdé, kí òun náà lè ná 1,500. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ di 200 lọ́sẹ̀ tí aláwọ̀ dúdú wọlé, "kí ètò lè túbọ̀ mọ́yán lórí". Kò sẹ́ni tó ní ohun búburú lọ́kàn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

*Ẹ sanwó ọ̀rọ̀ sísọ.* Bí ẹ bá ń san owó fún òǹsọ̀rọ̀ tó wá láti ìta, ẹ san án fún ọmọ ìjọ tí ẹ ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí awọ ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ sanwó, ẹ ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ Tórà ọ̀sẹ̀ náà bíi ti ẹlòmíì.

*Ẹ ṣọ́ra fún àṣejù.* Ní Lọ́ńdọ̀nù, Board of Deputies, àjọ tó ń ṣojú àwọn Júù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kan dìde ní 2020, akọ̀ròyìn Stephen Bush ló darí rẹ̀, ìròyìn wọn sì jáde ní oṣù kẹrin 2021 pẹ̀lú àbá 119. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ kà á. Àmọ́ bí ìjọ kékeré bá ní òun máa ṣe gbogbo 119, kò ní ṣe ìkankan. Ẹ mú mẹ́rin fún ọdún kan. Ẹ lẹ ìyókù mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

*Àyẹ̀wò:* ní oṣù kẹsàn-án, ẹ wá ìpinnu kan tí ẹni tuntun yìí ṣe, tí inú alága kò dùn sí, tí ìpinnu náà sì dúró. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan, àga lẹ gbé fún un, ẹ ò tíì gbé ipò fún un.

Ìpele 6: Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́

Wọ́n á ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ yan ẹni méjì tó lè gba ẹ̀sùn, kí ọ̀kan má sí nínú ìgbìmọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹni tó fẹjọ́ sùn sì gbọ́ èsì láàárín ọjọ́ méje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "a ṣì ń wò ó" ni èsì náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni omijé. Ẹni tó ṣẹ̀ á bú sẹ́kún pé òun kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, gbogbo ènìyàn á rọ̀gbà yí i ká, ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ á wá máa bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nu ojú. Ẹ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá fẹ́ sunkún, kó lọ sun ún lọ́dọ̀ rábì. Lẹ́yìn náà, kó wá sọ ohun tó ṣe, kó dárúkọ rẹ̀: "Mo rò pé òṣìṣẹ́ ilé ìdáná ni yín, ó sì jẹ́ torí awọ yín. Ẹ máà bínú." Bí ọ̀rọ̀ náà bá fi "tó bá dùn yín" bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a padà. Wọ́n mọ òfin yìí dáadáa, torí ọdọọdún ni rábì ń sọ ọ́ ṣáájú Yom Kippur, ọjọ́ ètùtù: ààwẹ̀ ọjọ́ náà kì í wẹ ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn sí ènìyàn nù, àfi bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá lọ tu ẹni tó ṣẹ̀ lójú.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ka ẹ̀sùn ọdún kan. Bó bá jẹ́ òfo, ẹ má yọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbà pé ẹ máa ṣe nǹkankan.

Ìpele 7: Àwọn ọmọdé

Ẹ wo àwòrán tó wà lára ògiri kíláàsì. Ẹ fi Sigd, àjọ̀dún àwọn Júù Ethiopia tó máa ń bọ́ sí 50 ọjọ́ lẹ́yìn Yom Kippur, sínú kàlẹ́ńdà, ọlọ́dọọdún, kó má jẹ́ ọdún tí ẹnì kan bá rántí nìkan. Ẹ má sì ní kí ọmọ dúdú kan ṣoṣo tó wà ní kíláàsì wá ṣe ará Ethiopia nínú eré. Ó lè jẹ́ Brooklyn ni wọ́n ti bí ìyá ìyá rẹ̀.

Ìpele 8: Àwọn tó ń wẹ òkú

Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó máa fi èyí sínú ètò rẹ̀. Sínágọ́gù tó bá tó nǹkan ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní chevra kadisha. Àwọn ló ń wẹ òkú, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, tí wọ́n ń da omi lé e lórí láìdáwọ́ dúró, tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun tí kò lápò fún un. Olówó àti tálákà, aṣọ kan náà. Wọn kì í gba owó, wọn kì í sì í ròyìn. Àwa náà mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n bá ṣáà rí ni wọ́n ń pè wá wẹ òkú ẹbí.

Ẹ pe àwọn tí kì í ṣe òyìnbó sínú ẹgbẹ́ yìí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹlòmíì: ní ìdákẹ́jẹ́, láti ẹnu ẹni tó ti wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti òkú, kí wọ́n máa ka Sáàmù. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, kí wọ́n wọ yàrá ìwẹ̀. Ẹ má pinnu fún ẹnikẹ́ni pé ó máa bẹ̀rù. Nígbà tí ẹ bá sì wà lórí ọ̀rọ̀ ikú, ẹ kọ òfin ibi ìsìnkú yín sílẹ̀ kedere, pàápàá ibi tí ọkọ tàbí aya tí kì í ṣe Júù máa sùn sí. Mo mọ ìdílé tó fi ìjọ sílẹ̀ torí pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bèèrè, tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn.

*Àyẹ̀wò:* ìwé orúkọ kan wà lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ náà, àwọn tí wọ́n ń pè lóru. Ẹ wò ó. Ti ìjọ tèmi wà lára fìríìjì akọ̀wé, wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi wà ní ìlà kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí lọ́dún yìí, òjò sì ń rọ̀ nígbà kejì.